Bí ẹ ṣe lè máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀ ní Àbújá

Wọn ò ro ti kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń la títì Àbújá. Títì fẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ọkọ̀ sì ń sáré lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Láti ọdún 2006 tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, bí a bá yọ àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri kúrò, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í retí pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wà níwájú àwọn. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé Gwarinpa tó ń ṣiṣẹ́ ní Jabi, tàbí ẹni tó ń ti Garki lọ ná ọjà Wuse, lè fi kẹ̀kẹ́ dé ibi tó ń lọ nígbà tí onímọ́tò ṣì há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Berger.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: ibi tí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ sí lójú títì ló ń sọ fún awakọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọwọ́ nínà, agogo àti iná kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá há ara rẹ̀ mọ́ etí gọ́tà ti sọ fún awakọ̀ pé "ẹ máa kọjá, àyè wà", kódà nígbà tí àyè kò sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tún kẹ̀kẹ́ ṣe kó bá yín mu

Ẹ má wá kẹ̀kẹ́ olówó ńlá. Tòkunbọ̀ tó ní férémù gidi àti bíréèkì tó ń mú dára ju tuntun inú páálí tó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn lọ. Sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú yẹn wúwo, ó sì ń jẹ agbára ẹsẹ̀ yín. Lójú tèmi, táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 32 sí 40 ló bá títì wa mu jù: ó yá ju táyà ńlá tí wọ́n fi ń gun inú igbó lọ, kò sì ní rì sínú àlàfo irin tó bo gọ́tà bíi táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn eléré-ìje ń lò.

Gíga ìjókòó ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. Tí ẹ bá wá fi ibi tó nípọn lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́, orúnkún á rọ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rẹ ìjókòó sílẹ̀ jù torí a fẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ nígbà tí a bá dúró. Orúnkún ló máa ń san gbèsè rẹ̀.

Kí ẹ tó jáde láràárọ̀, ẹ tẹ táyà wò, ẹ fún bíréèkì kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú: tí ó bá ṣì ń yí, tàbí tí irin bíréèkì bá kan háńdù, ẹ má gùn ún. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 35 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 50 sí 60 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Fọgánáísà, tí àwọn ará ibí ń pè ní mai faci, lè fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ táyà mọ́tò. Túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, kíá ló ń bẹ́ mọ́ ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu, nítorí náà ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín sì wà lára géèjì. Tí ẹ bá ń ra túùbù, ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti táyà mọ́tò. Èyí tó ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kò bá páńpù fọgánáísà mu, ibi tí táyà bá sì ti jò ni ẹ máa ti rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ṣéènì, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kán òróró fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ sì nu àṣẹ́kù kúrò. Òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ń kó eruku jọ ni, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku yẹn á sì máa jẹ irin bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó.

Akoto: ìka méjì ni kó wà láàárín rẹ̀ àti irun ojú, kí okùn rẹ̀ sì fún lábẹ́ àgbọ̀n débi tí ìka kan péré fi lè wọ̀ ọ́. Iná pupa lẹ́yìn, funfun níwájú, kódà lọ́sàn-án. Ẹ̀wù tó ń tàn bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì kò wọ́n. Ní ti ohun tí ẹ ń fi sétí gbọ́ orin, ẹ fi sílé. Etí yín ló ń sọ fún yín pé tírélà ti dé ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ nǹkan mẹ́ta níbi tí ọkọ̀ kò sí

Pápá ilé-ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀ dára. Ojú títì Central Area ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú náà dára, ibẹ̀ máa ń dá páropáro nígbà yẹn.

Àkọ́kọ́ ni wíwo ẹ̀yìn láì yẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ìlà funfun kan nílẹ̀, ẹ yíjú sẹ́yìn gba èjìká òsì, kí ẹ sì pe ohun tí ẹ rí síta: "mọ́tò dúdú", "kò sí nǹkan". Níbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á fẹ́ máa tẹ̀lé orí lọ sí òsì. Ẹ dẹ apá, ẹ rẹ èjìká sílẹ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ gbé ọwọ́ òsì lé itan nígbà tí ẹ bá ń yíjú, á tọ́. Ẹ má jáde sáàárín ọkọ̀ títí èyí á fi di mọ́ra, torí gbogbo ohun yòókù orí rẹ̀ ló dúró lé.

Èkejì ni ọwọ́ kan. Ẹ na ọwọ́ òsì gbọọrọ, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀tún.

Ẹ̀kẹta ni dídúró lójijì. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, torí ìwúwo ara ń bọ́ síwájú ní gbàrà tí ẹ bá fún un. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ pé á gbé àwọn ṣubú, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tí ẹ bá jà á gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, ẹ na apá, ẹ fún méjèèjì pọ̀, kí ti iwájú máa le sí i díẹ̀díẹ̀. Tí táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, ẹ dẹ ọwọ́. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń lọ mítà márùn-ún àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ìka méjì fi gbọ́dọ̀ máa wà lórí bíréèkì nígbàkígbà tí ẹ bá wà láàárín ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ibi tó jẹ́ tiyín lójú títì

Apá ọ̀tún ni à ń rìn ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, kẹ̀kẹ́ kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa rí àwọn tó ń gùn ún kọjú sí ọkọ̀; wọ́n á ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ohun tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ń sá 60, ẹ̀yin ń lọ 20. Tí ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń lọ, 40 ló fi ń lé yín bá, ìyẹn mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá kọjú síra yín, ó di 80, mítà 22. Ẹ ti gé àkókò tí awakọ̀ ní láti rí yín sí ìdajì. Èyí tó tún burú jù ni ti ẹni tó ń jáde láti àdúgbò bọ́ sí títì, tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún: òsì nìkan ló ń wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀yin ń gbà bọ̀. Ó di ìgbà tó bá kọ lù yín kó tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín táyà yín àti etí títì. Iyanrìn, ìgò fífọ́ àti kòtò ló kún etí, tí ẹ bá sì há síbẹ̀, kò sí ibi tí ẹ máa yẹ̀ sí àfi iwájú ọkọ̀. Mítà kan yẹn tún ń jẹ́ kí awakọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yín.

Ìgbà mìíràn wà tí àárín ọ̀nà gan-an ló yẹ yín: lórí afárá tóóró, níwájú oríta, ní ráńdàbáòtù, àti nígbà tí ọkọ̀ ń rìn bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ na ọwọ́ òsì, ẹ dúró kí awakọ̀ ẹ̀yìn dẹ̀rọ̀ kí ẹ tó bọ́ síbẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti fẹ̀ padà, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ gbọ́wọ́ sókè dúpẹ́. Ó ń yà mí lẹ́nu bí ọwọ́ dídúpẹ́ yẹn ṣe ń tu awakọ̀ lójú tó.

Ní Wuse 2 àti Utako tí mọ́tò máa ń tò sí ẹ̀bá títì, ẹ fi àyè ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Ẹ máa yẹ inú mọ́tò wò bí ẹ ṣe ń bọ̀: orí tó wà níjòókòó awakọ̀, iná bíréèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, táyà iwájú tó ti kọ́ síta. Ọ̀kan nínú wọn tó láti mú yín dẹwọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo èèyàn kí ẹ tó wo ọkọ̀

Tàsí aláwọ̀ ewé àti kábúkábú kì í tan iná kí wọ́n tó dúró. Èrò ló ń tan iná fún wọn. Tí ẹ bá rí ẹni tó nawọ́ létí títì níwájú, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kan lẹ́yìn yín ti rí i, ó sì ti fẹ́ gé yín lójú láti lọ gbé e. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì pinnu: bóyá ẹ máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹ máa gba òsì rẹ̀ kọjá. Àlàfo tó wà láàárín tàsí àti etí títì, ẹ má kira bọ̀ ọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, ibẹ̀ náà sì ni èrò ń bọ́ sí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàápàá, ẹ rìn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn tí ẹ bá ń gba àárín ọkọ̀. Ọlọ́jà onígàlà lè yọ láàárín mọ́tò méjì nígbàkígbà.

Ní Kubwa, Lugbe àti Dutse, kẹ̀kẹ́ NAPEP ni kí ẹ ṣọ́ jù. Wọ́n lè ṣẹ́rí padà níbikíbi.

Tírélà àti bọ́ọ̀sì ńlá: tí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Tó bá ń yà sọ́tùn-ún, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tọ ipa ti iwájú, ó máa ń gé wọlé ni. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní oríta, ẹ má bá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá sì gbọ́ sáírìnnì àwọn ọ̀gá ńlá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú títì, ẹ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó gbẹ̀yìn kọjá tán, torí wọ́n kì í jẹ́ ọkọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Afárá, ráńdàbáòtù àti yíyà sí òsì

Ibi tó ń já ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láyà jù nílùú yìí ni ibi tí ọ̀nà kan ti ń yà kúrò lára títì ńlá lápá ọ̀tún láti gun afárá tàbí láti gba abẹ́ rẹ̀. Tààrà lẹ̀yin ń lọ. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín ń sá 80, ó sì fẹ́ yà. Tí ẹ bá kàn ń lọ bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa bá ara yín láàárín ọkọ̀ ọ̀tún àti ọkọ̀ òsì.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ tẹ̀lé etí ọ̀tún ọ̀nà tó ń yà náà fún ìwọ̀nba mítà díẹ̀, títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ lè dúró sí. Ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ yí orí kẹ̀kẹ́ kó dojú kọ òdìkejì, kí ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì gé e kọjá ní ibú, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá. Ọkọ̀ tó ń sá 80 ń gba mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sísọdá bá máa gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọkọ̀ tó súnmọ́ jù gbọ́dọ̀ jìnnà ju mítà 90 lọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Bákan náà ni níbi tí ọ̀nà mìíràn ti ń dà wọ títì ńlá láti ọ̀tún: ẹ dúró ṣáájú ibi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ sọdá, ẹ tún gùn ún. Ó ń fi àkókò ṣòfò, mo mọ̀. Èmi kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè fi ọkàn balẹ̀ kọ́ èèyàn.

Ráńdàbáòtù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti òsì yín, ló ni ọ̀nà. Tí ẹ bá máa jáde ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ dúró sí ọ̀tún. Tí ẹ bá ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ gba àárín ojú ọ̀nà yín, kí ẹ má yẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì na ọwọ́ ọ̀tún ní gbàrà tí ẹ bá kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tiyín. Ẹni tó bá há mọ́ etí nínú ráńdàbáòtù, gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde ló máa gé e lójú. Àwọn ńlá bíi Galadimawa àti Apo, tí ọkọ̀ bá pọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ẹni tó máa fún yín ní ife-ẹ̀yẹ fún gígùn ún kọjá.

Láti yà sí òsì ní títì ńlá, ẹ má bá mọ́tò du ojú ọ̀nà òsì. Ẹ lọ tààrà kọjá oríta, ẹ dúró ní igun ọ̀tún lọ́hùn-ún, ẹ yí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì bá iná tó máa dá ọkọ̀ ìhà yẹn sílẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ilẹ̀, òjò, oòrùn

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń jí ìdérí ihò gọ́tà gbé tà fún àwọn oníirin àlòkù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba inú omi tó dárogún kọjá, bó ti wù kó kéré: ẹ kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irin gọ́tà tí àlàfo rẹ̀ bá tò bí táyà ṣe ń lọ, ẹ dábùú rẹ̀ tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ń yọ̀ jù, torí òróró àti eruku tó ti gbára jọ látìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ń yòrò sójú títì. Ìlà funfun àti irin tún ń yọ̀ ju ọ̀dà lọ. Ẹ fún bíréèkì ṣáájú ibi tí ẹ máa ń fún un tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ nu omi ara rímù. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ gíláàsì, ẹ fi aṣọ bo imú, kí iná ẹ̀yìn má kú. Eruku lè bo ojú ọ̀nà débi pé awakọ̀ kò ní rí ẹ̀wù yín. Oṣù Kẹta àti Kẹrin, ẹ jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ tàbí kí ẹ jókòó sílé.

Àwọn ará Kubwa àti Lugbe ní ìṣòro kan tí àwọn ará Nyanya kò ní. Láàárọ̀, bí ẹ ṣe ń bọ̀ wá sígboro, ìlà-oòrùn lẹ kọjú sí; nírọ̀lẹ́, bí ẹ ṣe ń padà, ìwọ̀-oòrùn ni. Oòrùn tó ń wọ̀ yín lójú ló ń wọ awakọ̀ ẹ̀yìn yín lójú. Tí òjìji yín bá gùn tó sì wà lẹ́yìn yín, ẹ gbà pé kò rí yín, kí ẹ gba ọ̀nà àdúgbò tàbí kí ẹ dúró kí oòrùn gòkè díẹ̀ láàárọ̀, tàbí kó wọ̀ nírọ̀lẹ́. Ará Nyanya, tiyín dáa ní ti oòrùn, àmọ́ Ọlọ́run ló mọ bí ẹ ṣe ń gba òkè yẹn kọjá pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀rọ̀ ẹnu, àti bí wọ́n bá kọ lù yín

"Sannu, Malam" tàbí "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́" láti ojú fèrèsé ń ṣiṣẹ́ ju èébú lọ. Ẹ má fọwọ́ gbá ara mọ́tò ẹlòmíì. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì wà nínú irin.

Bí ọkọ̀ bá kọ lù yín, ẹ má sáré dìde. Ẹ mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wò. Ẹ ya nọ́ḿbà ọkọ̀ kó tó lọ. 122 ni nọ́ḿbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì gbogbo gbòò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí orí bá kanlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ì báà má sí, kí ẹ sì pa akoto yẹn tì.

Ìgbésẹ̀ 8: Láti di ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn

Fífi gbogbo agbára gùn ún lójoojúmọ́ kì í mú ẹsẹ̀ le, ó ń mú èèyàn sú ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí. Ẹ ka iye ìgbà tí orúnkún ọ̀tún gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15. Tó bá tó 20, ẹ ń yí i ní ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, ó dára. Tó bá jẹ́ 12, gíà yín ti wúwo jù, orúnkún ló sì ń gbà á. Ẹ yí gíà sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ òkè; ẹni tó bá dúró dìgbà tí òkè bá mú un, ṣéènì lè yọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan, ẹ rọra gùn ún débi tí ẹ fi lè máa sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹ. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, ẹ fi agbára gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ rọra gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní ìgbà márùn-ún. Ọjọ́ kẹta ni ti ọ̀nà jíjìn, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n; ẹ má fi kún un ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ sì dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara sinmi. Omi bíi ìdajì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà ní wákàtí kan, pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín àti súgà díẹ̀. Bí ìrìn bá kọjá wákàtí kan, ẹ kó dàbínù sápò, kì í tètè bàjẹ́, kò sì wọ́n. Kúnú dìgbà tí ẹ bá délé.

Fún òkè, Katampe àti Mpape wà. Ẹ jókòó, ẹ má dìde, ẹ mí láti inú ikùn. Ní Mpape, ọkọ̀ tó ń kó òkúta máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ fún bíréèkì ṣáájú kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà, nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Kubwa Expressway àti Airport Road ló gbẹ̀yìn. Ẹ máa rí àwọn tó ń gùn ún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ. Ibi tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bá wà, ẹ gba ibẹ̀. Ẹ tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè kẹ̀kẹ́ kan láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, kí ẹni iwájú máa nawọ́ sí kòtò, kí àwọn tó tẹ̀lé e sì máa nawọ́ sí i títí dé ẹ̀yìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá là jù lẹ fi sẹ́yìn pátápátá, kí iná tó mọ́lẹ̀ jù wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó sì máa ké sí àwọn tó wà níwájú nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀.